Àwòdì Onígi Ahùn ti Zakariyah Ògúnlànà

Igi ni ìran Ògúnlànà fi ń jẹun ní ìlú Ẹdẹ. Ògúnlànà, tí orúkọ rẹ̀ di orúkọ àjùmọ̀jẹ́ gbogbo ọmọ rẹ̀, jẹ́ agbẹ́dó. Bí ó bá dé ìdí igi nínú igbó, yóò fi ẹ̀yìn àáké kàn án, yóò dẹ etí sí i. Bí ohùn igi náà bá ki, a jẹ́ pé odó wà níbẹ̀; bí ohùn rẹ̀ bá fẹ́lẹ́, Ògúnlànà yóò kọjá lọ láì wẹ̀yìn. Odó tí ó gbẹ́ fún àwọn obìnrin ayé ìgbà náà, ọmọ-ọmọ wọn ṣì ń gún iyán nínú rẹ̀ di òní. Ògúnlànà ni ó bí Rájí. Rájí ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó kírun nínú ilé náà. Ó fi odó gbígbẹ́ sílẹ̀, ó kọ́ iṣẹ́ káfíńtà, ó sì ń kan ilẹ̀kùn àti fèrèsé títí ojú rẹ̀ fi kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ọmọ méje ni Rájí bí. Ilẹ̀ gba márùn-ún nínú wọn kí eyín wọn tó pé. Zakariyah ni àbígbẹ̀yìn, ọdún 1956 ni wọ́n sì bí i.

Ẹni tí ó bá wo ìran mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí yóò rí i pé ṣe ni igi ń fúyẹ́ sí i lọ́wọ́ wọn. Baba àgbà fi èjìká ru ìtì igi. Baba gbé pákó sórí tábìlì. Ọmọ ni ó wá mú igi ahùn, igi tí ó fúyẹ́ bí òwú, tí agbẹ́dó kan kò jẹ́ fojú dá lọ́lá, ó sì sọ ọ́ di ohun tí ń fò.

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni Zakariyah fi kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ igi ní ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kan. Ènìyàn gíga tí ó tẹ́ẹ́rẹ́, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ mọ̀ pé bí ó bá ti fi àtàǹpàkò fa etí pákó lẹ́ẹ̀mejì láì wí nǹkan kan, iṣẹ́ náà kò dára, kí oníṣẹ́ tún un ṣe. Ní ọdún 2013, ọ̀kan nínú wọn fi fídíò kan hàn án lórí fóònù. Òyìnbó kan dúró lórí òkè, ó ju ọkọ̀ òfuurufú kékeré kan sínú afẹ́fẹ́. Ọkọ̀ náà kò ní ẹ́ńjìnnì. Kò sí ohun tí ń yí nímú rẹ̀. Síbẹ̀ ó ń gòkè, ọkùnrin náà sì ń fi rìmóòtù tí ó dì mú darí rẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Zakariyah wo fídíò náà títí bátìrì fóònù ọmọ náà fi kú.

"Kí ni ó ń gbé e?" ni ó bi akẹ́kọ̀ọ́ náà.

"Afẹ́fẹ́ ni, sà."

"Afẹ́fẹ́ wo? Afẹ́fẹ́ tí mo mọ̀, ṣe ni í gba fìlà lórí ẹni."

Ìbéèrè yẹn gba ọdún mẹ́jọ nínú ayé Zakariyah.

Igi ahùn ni ó fi ṣe egungun ọkọ̀ náà, ó fi ọparun tí ó là wẹ́wẹ́ ṣe ọ̀pá ìyẹ́ rẹ̀, ó sì gé fóòmù funfun tí wọ́n fi ń di ẹja tútù láti fi kún inú rẹ̀. Aqeelah, ọmọ rẹ̀ obìnrin tí ó wà nílé ọkọ ní Ìlọrin, ni ó bá a wá rìmóòtù náà àti àwọn mọ́tò kéékèèké tí ń yí ewé ìrù rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Kafilat ìyàwó rẹ̀, tí ó ń ta ẹja tútù, ni ó kọ́kọ́ mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀.

"Bàbá Aqeelah, ṣé ẹ̀yin lẹ mú fóòmù tí mo fi ń di ẹja?"

"Èmi ni."

"Ẹja mi ti yọ́."

"Màá wá òmíràn fún ọ."

"Ẹ kúkú wá ìyàwó tí yóò máa fò. Èmi, ilẹ̀ ni mò ń rìn."

Márùn-ún àkọ́kọ́ fọ́. Èkejì wọnú kànga. Ẹ̀kẹrin wó lu orùlé ilé aládùúgbò, ó sì gba ọ̀sẹ̀ méjì kí Zakariyah tó rí ojú lọ bẹ̀ wọ́n. Nígbà tí ó fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ní ọdún 2016, ó kó irin-iṣẹ́ rẹ̀ jọ sí ẹ̀yìnkùlé, iṣẹ́ náà sì wá di tirẹ̀ tọ̀sán tòru. Ó rí i pé òun nílò pápá, nítorí kì í ṣe àárín ilé ni a ti ń ṣe irú eré bẹ́ẹ̀. Bí ó ṣe di èrò Abà Ọ̀pẹ nìyẹn, abà kékeré kan lẹ́yìn Alájue, níbi tí Ifátọ́lá ti ń dáko.

Orí àga kan náà ni Zakariyah àti Ifátọ́lá jókòó lé nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan ń kírun, èkejì ń bọ ohun tí baba rẹ̀ bọ. Èyí kò dí wọn lọ́wọ́ rí. Baba ńlá Ifátọ́lá ni ó kọ́kọ́ ṣán igbó oko náà, òun sì ni ìran kẹrin lórí rẹ̀. Ó fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ láyè kí ó máa ju ọkọ̀ rẹ̀ sókè lórí ilẹ̀ tí ó bá sinmi lọ́dún náà. Zakariyah yóò kan èèkàn mọ́lẹ̀, yóò so okùn rọ́bà gígùn mọ́ ọn, yóò fa okùn náà dẹ̀yìn bí ẹni ń fa kànnàkànnà, yóò fi ọkọ̀ náà kọ́ ọ, yóò sì jù ú sílẹ̀. Yóò fò, yóò yí lẹ́ẹ̀mejì, yóò sì bọ́ sílẹ̀ kí ènìyàn tó ka ọgọ́ta.

Lọ́jọ́ kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ó rí àwòdì mẹ́ta tí ń yípo lórí ilẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ro. Wọn kò ju ìyẹ́ wọn rárá, síbẹ̀ wọ́n ń gòkè. Ó darí ọkọ̀ rẹ̀ lọ sábẹ́ wọn. Ọ̀kan nínú wọn tẹ orí wò ó, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ. Ọkọ̀ náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè bí ẹni tí a fi okùn fà. Nígbà náà ni Zakariyah rí èsì ìbéèrè rẹ̀: ilẹ̀ tí oòrùn pa, a máa gbóná, afẹ́fẹ́ orí rẹ̀ a gbóná, afẹ́fẹ́ gbígbóná a sì máa dìde. Àwòdì ti mọ̀ ọ́n ṣáájú ènìyàn. Ìṣẹ́jú mẹ́tàdínláàádọ́ta ni ọkọ̀ náà lò lókè lọ́jọ́ náà, tí ó fi jẹ́ pé Ifátọ́lá ro ebè mọ́kànlá kí ó tó sọ̀.

"Ẹyẹ rẹ yìí, ṣé ó ń jẹ adìyẹ?" ni Ifátọ́lá bèèrè.

"Kò jẹ nǹkan kan."

"Ó sàn jù ọ́ lọ nìyẹn. Ìwọ jẹ iṣu mi láàárọ̀."

Láti ọjọ́ náà ni gbogbo abà ti ń pe ọkọ̀ náà ní àwòdì, tí wọ́n sì ń pe ẹni tí ó ni ín ní Bàbá Aláwòdì. Ẹni tí ó ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ jù ni Àwáwù, opó kan tí oko obì tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ bá ti Ifátọ́lá pààlà. Ẹbu epo rẹ̀ wà létí ààlà náà gan-an, abẹ́ àtíbàbà ewé ọ̀pẹ ni ó ti ń fún epo.

"Bàbá Aláwòdì, ẹ tún ti gbé e dé. Ọmọ ọdún mélòó lẹ jẹ́ lónìí?"

"Mẹ́jọ, Ìyá Jibril."

"Ẹ ti ń dàgbà. Ọmọ ọdún méje lẹ jẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá."

Ó wá ku ohun kan tí Zakariyah fẹ́ kí ó tó kú. Ó ti ṣàkíyèsí pé ibi tí àwòdì ti ń pọ̀ jù lọ ni ibi tí a bá ti ń sun oko, nítorí àwọn tata tí ń sá fún iná. Afẹ́fẹ́ orí iná lágbára ju ti oòrùn lọ. Bí ó bá lè mú ẹyẹ òun gun afẹ́fẹ́ náà, yóò ga dé ibi tí kò dé rí. Ó sọ ọ́ fún Ifátọ́lá.

"'Àwòdì ń re Ìbarà, ẹ̀fúùfù ta á nídìí pá, ó ní iṣẹ́ kúkú yá,'" ni Ifátọ́lá wí. "Ṣọ́ra kí ẹ̀fúùfù má bàa ta ìwọ náà nídìí."

Ó yẹ kí a mọ bí wọ́n ti ń sun oko ní Abà Ọ̀pẹ, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti yí. Ẹni tí yóò sun oko gbọdọ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí ó bá a pààlà. Wọn yóò ro ọ̀nà kan yí oko náà ká, tí ewé gbígbẹ kan kò ní kù lójú rẹ̀. Ààlà iná ni wọ́n ń pè é. Ẹnì kan yóò dúró ní ìhà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú imọ̀ ọ̀pẹ tútù àti kẹ́ẹ̀gì omi. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó kọ ẹ̀yìn sí iná, kí ó máa wo ilẹ̀ tí iná kò tíì dé, nítorí ewé kan ṣoṣo tí ń jó, tí afẹ́fẹ́ gbé kọjá, ni í sun oko olóko. Èéfín kì í jẹ́ kí ẹnì kan rí ẹnì kejì. Nítorí náà ni ẹni tí ó dáná yóò fi máa ké pe olúkúlùkù pẹ̀lú orúkọ: "Ojú rẹ dà?" Òun náà yóò dáhùn pé: "Ó wà nílẹ̀." Bí kò bá dáhùn, gbogbo ènìyàn ni yóò sáré lọ síhà ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí ó bá dáhùn, wọ́n gbà á gbọ́. A kò bi ẹni tí ó dáhùn léèrè ọ̀rọ̀ mìíràn. Bí iná bá sì jáde, ọrùn ẹni tí ó dá a ni gbogbo rẹ̀ wà.

Nínú oṣù Èrèlé ọdún 2021, nígbà tí ọyẹ́ ṣì ń fẹ́, Ifátọ́lá fẹ́ sun ilẹ̀ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko Àwáwù. Jibril, ọmọ Àwáwù, ni ó yẹ kí ó dúró níhà oko ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ gbé e lọ sí Òṣogbo lọ́jọ́ náà. Zakariyah ní òun yóò dúró.

"Ìwọ kì í ṣe àgbẹ̀," ni Ifátọ́lá wí.

"Ṣé iná máa ń bi ènìyàn léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe ni?"

"Kò ní bi ọ́. Èmi ni yóò bi." Ifátọ́lá wo àpò gígùn tí ó gbé kọ́ èjìká. "Ẹyẹ yẹn ńkọ́?"

"Màá gbé e tì títí a ó fi parí."

Ìyẹn gan-an ni ó sì ní lọ́kàn. Ẹni tí ó bá sọ pé ó ti gbèrò irọ́ ṣáájú kò sọ òtítọ́ nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n ààlà iná tí wọ́n ro náà gún, ó tẹ́jú, kò sí kùkùté kan lójú rẹ̀. Kò sí ibòmíràn ní gbogbo oko náà tí ó dára tó bẹ́ẹ̀ láti na okùn rọ́bà. Kí wọ́n tó dáná, Zakariyah ti kan èèkàn rẹ̀ mọ́ ibẹ̀. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé nítorí ìgbà tí iná bá ti kú ni.

Ìgbà tí oòrùn kàn àtàrí ni Ifátọ́lá fi iná sí i. Igbó gbígbẹ náà gbà á lẹ́ẹ̀kan náà. Kò pẹ́ tí àwòdì fi dé, mẹ́rin, mẹ́jọ, lẹ́yìn náà wọn kò ṣeé kà mọ́. Wọ́n ń yọ wọnú èéfín, wọ́n ń yọ jáde. Zakariyah kọ ẹ̀yìn sí iná bí wọ́n ti ní kí ó ṣe. Ó wo ilẹ̀. Ó wo ilẹ̀ títí. Lẹ́yìn náà ó yíjú padà, ó gbé ojú sókè.

"Zakariyah o, ojú rẹ dà?"

"Ó wà nílẹ̀."

Nígbà tí ó fi dáhùn yìí, ọwọ́ rẹ̀ ti wà nínú àpò. Ó fa okùn, ó ju ẹyẹ náà sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ iná náà gbà á, ó gbé e gòkè bí ẹni tí ń gbé ọmọ tuntun jó. Ìka rẹ̀ lórí rìmóòtù kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní iṣẹ́ láti ṣe. Àwọn àwòdì yà fún un, wọ́n sì ń yípo pẹ̀lú rẹ̀.

"Zakariyah, ojú rẹ dà?"

"Ó wà nílẹ̀."

Ìgbà kẹta tí Ifátọ́lá pè é, ẹyẹ náà ti kéré bí ẹ̀ṣinṣin, ó sì ń gòkè síbẹ̀. Zakariyah dáhùn bí ó ti dáhùn tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí ó gbóòórùn obì tútù tí ń jó ni ó tó wẹ̀yìn.

Iná ti wọ oko Àwáwù ní ìwọ̀n ọgbọ̀n ẹsẹ̀. Ó ju rìmóòtù sílẹ̀, ó kígbe, ó sì gbá imọ̀ ọ̀pẹ mú. Àwọn tí ó kù sáré dé, ṣùgbọ́n ewé abẹ́ igi obì ti gbẹ láti oṣù mẹ́ta, iná náà sì ń lọ síhà ẹbu epo. Dírọ́ọ̀mù epo méjì wà níbẹ̀. Àwáwù, tí ó ń fún epo níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, mọ̀ pé bí iná bá dé ìdí wọn, kò sí oko kan lábà náà tí yóò kù. Ó wọ abẹ́ àtíbàbà náà, ó yí ọ̀kan jáde sórí ilẹ̀ òfìfo. Ó padà lọ yí èkejì. Iná gba àtíbàbà náà, ó sì wó lé e lórí.

Wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn láàyè. Ọjọ́ kẹsàn-án ni ó kú. Wọ́n sin ín ní Ẹdẹ lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, Zakariyah sì wà lára àwọn tí ó gbé pósí. Lọ́jọ́ kejì iná ni ẹnì kan ti rí ẹyẹ onígi ahùn náà láàárín ebè gbágùúdá. Kò fọ́, kò sán. Ẹni náà gbé e wá fún un, ó rò pé inú àpò rẹ̀ ni ó ti bọ́. Kò sí ẹni tí ó mọ̀ pé ó fò. Àwọn tí ó gbé ojú sókè lọ́jọ́ náà, àwòdì ni wọ́n rí láàárín àwòdì.

Nígbà tí Baálẹ̀ abà pe ìjókòó, ó bi àwọn tí ó dúró léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ó ti kan Zakariyah, kí ó tó la ẹnu, Ifátọ́lá ti sọ̀rọ̀.

"Kí ẹ má bi èyí léèrè, Baálẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè é, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó dáhùn. Etí mi ni mo fi gbọ́. Bóyá ìhà tèmi ni iná náà ti bọ́ lọ. Èmi ni mo dá a."

Zakariyah la ẹnu, ó sì pa á dé.

Jibril kò fẹ́ owó, kò fẹ́ ẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ Ifátọ́lá. "Mi ò lè máa rí i lójoojúmọ́ lórí ilẹ̀ tó bá ibi tí ìyá mi ti jó pààlà," ni ó wí. Baálẹ̀ dá a bí àwọn bàbá wọn ti ń dá a: iná tí ó bá pa ènìyàn, ẹni tí ó dá a yóò fi ilẹ̀ náà sílẹ̀, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀. Wọ́n fún Ifátọ́lá láyè títí di fìdáù ogójì ọjọ́ olóògbé.

Ogójì ọjọ́ náà ni Zakariyah fi mọ irú ènìyàn tí òun jẹ́. Bí ó bá sọ̀rọ̀, òun ni apànìyàn, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ni ọmọ apànìyàn ní gbogbo Ẹdẹ. Bí kò bá sọ̀rọ̀, ilẹ̀ ìran mẹ́rin yóò bọ́ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ nítorí irọ́ ọ̀rọ̀ mẹ́ta. Lójoojúmọ́ ni ó ń wọ bàtà láti lọ bá Baálẹ̀. Lójoojúmọ́ ni ó ń bọ́ ọ.

Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, Ifátọ́lá wá kí i ní ilé, ó gbé iṣu márùn-ún wá.

"Mo gbọ́ pé o kì í jẹun mọ́. Kí ni ìwọ ń kú lọ fún? Ìwọ kọ́ lo ṣẹ̀."

"Ifátọ́lá."

"Jẹ iṣu yìí. Èyí tó kẹ́yìn tí màá wa lórí ilẹ̀ yẹn nìyẹn. Ó dùn, má sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo yin ara mi."

Nígbà tí ó lọ tán, Kafilat wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ọkọ rẹ̀ tí ń wo iṣu. Ó bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo, Zakariyah sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Obìnrin náà jókòó.

"Ẹ sọ fún èmi," ni ó wí nígbẹ̀yìn. "Èmi kọ́ ni wọ́n ń lé kúrò lórí ilẹ̀, Bàbá Aqeelah."

Síbẹ̀ ó tún fi ọjọ́ mẹ́rìnlá falẹ̀. Ifátọ́lá kò dúró pé ogójì. Ìtìjú kò jẹ́ kí ó dúró kí wọ́n wá lé òun. Ní ọjọ́ kẹrìndínlógójì ó kó ẹrù rẹ̀, ó mú ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì lọ sí ìlú Ara, sí ilé àwọn àna rẹ̀.

Lọ́jọ́ fìdáù, lẹ́yìn tí àlùfáà ti ṣe àdúà tán, tí wọ́n ń retí oúnjẹ, Zakariyah dìde láàárín àwọn ènìyàn.

"Èmi ni mo dúró níhà oko Ìyá Jibril lọ́jọ́ náà. Ifátọ́lá pè mí lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì dáhùn pé ojú mi wà nílẹ̀. Irọ́ ni mo pa. Òkè ni mò ń wò. Mo ti ju ẹyẹ mi sílẹ̀, òun ni mò ń darí títí iná fi kọjá lẹ́yìn mi."

Jibril ni ó kọ́kọ́ fọhùn, ó rọra sọ ọ́.

"Ẹ̀yin lẹ gbé ẹsẹ̀ pósí ìyá mi lọ́wọ́ ọ̀tún."

"Èmi ni."

"Ẹ gbé e, ẹ sì mọ̀."

"Mo mọ̀."

Jibril dìde, ó bọ bàtà rẹ̀, ó wọ inú ilé lọ.

Lọ́jọ́ kẹta ni Baálẹ̀ tún pe ìjókòó. Ó dá ilẹ̀ padà fún Ifátọ́lá. Ó ní kí Zakariyah fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún oko obì Àwáwù gbìn, kí ó sì máa dúró sí ìhà yẹn nígbàkúùgbà tí wọ́n bá ń sun oko títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé. Zakariyah ti gbé ẹyẹ náà wá. Ó gbé e sílẹ̀ níwájú wọn, ó ní kí wọ́n fi iná sí i. Jibril ni ó kọ̀.

"Ẹ má sun ún. Iná ti jẹun tó níbí. Ẹ gbé e lọ sílé, ibi tí ojú yín yóò ti máa bá a ni kí ẹ gbé e kọ́ sí."

Bẹ́ẹ̀ ni ó rí. Ó gbé e kọ́ sí ògiri ìyẹ̀wù rẹ̀, kò sì tún mú un fò mọ́.

Ó gun ọ̀kadà lọ sí Ara fúnra rẹ̀. Ó bá Ifátọ́lá níwájú ilé àna rẹ̀, ó ń bó àgbàdo tí kì í ṣe tirẹ̀. Zakariyah dúró, ó sì sọ ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ifátọ́lá ń bó àgbàdo rẹ̀ lọ. Nígbà tí ó parí, ó gbọn èèpo kúrò lára ṣòkòtò rẹ̀.

"Ọjọ́ tí mo gbé iṣu wá," ni ó wí, "ẹ ti mọ̀ nígbà náà?"

Láti ìgbà tí wọ́n ti jókòó lórí àga kan náà, kò fi "ẹ" pè é rí.

"Mo mọ̀."

"Ó dára. Ẹ kí àwọn ará ilé."

Ifátọ́lá padà sórí ilẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá pàdé Zakariyah lójú ọ̀nà oko, a máa kí i bí a ti ń kí àlejò tí ọjọ́ orí rẹ̀ ju tẹni lọ, a sì máa kọjá. Bí ó bá ń sun oko, tí ó sì kan ìhà oko obì, a pe orúkọ rẹ̀ bí àṣà ti wí, a gbọ́ èsì, lẹ́yìn náà a rán ẹlòmíràn lọ wò ó. Zakariyah mọ̀ pé wọ́n ń wá wo òun. Kò fi ṣe ìbínú.

Ọgọ́jọ igi obì ni ó gbìn. Ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́ pa ogójì nínú wọn. Ó tún òmíràn gbìn dípò wọn, ó sì ń fi kẹ́ẹ̀gì ru omi láti odò ní ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin. Ní ọdún kẹta, Jibril bẹ̀rẹ̀ sí í wá ro oko náà ní ọjọ́ tí Zakariyah bá wà níbẹ̀. Yóò bẹ̀rẹ̀ láti ìkángun kan, Zakariyah láti ìkángun kejì. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ pàdé láàárín, ọ̀kan yóò gbé ọkọ́ rẹ̀ kọ́ èjìká. Ohun tí ó wà láàárín wọn kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá pè é ní ìdáríjì sọ ohun tí kò sí ẹni tí ó sọ ọ́ níbẹ̀.

Nínú òjò ọdún 2024 ni àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dun Zakariyah. Kò lò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ lórí àìsàn. Lọ́jọ́ ìsìnkú rẹ̀, Jibril wà lára àwọn tí ó gbẹ́ ilẹ̀. Ifátọ́lá dúró lókèèrè lábẹ́ igi, ó sì lọ kí wọ́n tó parí àdúà.

Bí a bá ní kí a wọn ayé Zakariyah Ògúnlànà, ohun tí a ó rí kò pọ̀, kò sì jẹ́ òfo. Ó kọ́ àwọn ọmọ ènìyàn ní iṣẹ́ tí wọ́n fi ń bọ́ ilé. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá èsì sí ìbéèrè kan tí ẹnikẹ́ni kò bi í. Nípasẹ̀ rẹ̀ ni Àwáwù fi kú, kò sì sí iye igi tí ó lè dí àlàfo náà. Ó dákẹ́ fún ogójì ọjọ́ tí kò yẹ kí ó dákẹ́. Nígbà tí ó sọ̀rọ̀, ó pàdánù ọ̀rẹ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ìran mẹ́rin kò bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín. Nínú igi obì tí ó gbìn, mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún ṣì wà lóòró lórí ilẹ̀ Jibril. Wọn kò tíì so.